Ìdánwò LAMDA ọmọ mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbà mí lórí òfin wọn o

MámàFẹ́ràn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Tí wọ́n bá ti béèrè èyí rí ẹ má bínú, mo wá a títí ojú ń ro mí, mi ò rí i. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ ṣe ìdánwò LAMDA (iléèwé eré ìtàgé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣètò ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ àti ewì kíké ni wọ́n fi ń dán ọmọ wò), Grade 1, èyí tí wọ́n ń pè ní Verse and Prose. Ó máa ké ewì kan, ó máa sọ ìtàn kan látorí, ọ̀kan látinú ìwé tiwọn, èkejì tíṣà ló bá a mú un. Lọ́ńdọ̀nù níbí la wà, apá Peckham. Èmi tiẹ̀ rò pé kó kàn wọlé kó kéwì kó jáde ni, bíi ti ọjọ́ ìparí ọdún níléèwé wa láyé ọjọ́un, àfi bí tíṣà ṣe fi ìwé òfin ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, mo ń yí i mo ń yí i, kò tán.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé aṣọ eré ni wọ́n ń wọ̀ àbí yunifọ́ọ̀mù? Torí mo ti rán ìró àti bùbá kékeré kan fún un. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn yàrá? Tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ láàárín, ṣé ó ti fẹ́èlì nìyẹn? Wọ́n tún ní ká mú kọ́pì ewì dání, kí wọ́n wá fi ṣe kí ni, ṣebí orí ló ti máa sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí o, ìyẹn náà ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè mi.

Àǹtí_Dúpẹ́:
Ìyá Fẹ́ràn, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo kọ́ àwọn ọmọdé níṣẹ́ yìí fún bí ọdún mọ́kànlá ní Croydon kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, kò le tó bí ìwé yẹn ṣe gùn tó.

Aṣọ kọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó wọ aṣọ eré. Ìró àti bùbá ò burú rárá, àmọ́ tí ìró yẹn bá ń tú, tó wá ń fi ọwọ́ kan dì í mú, ọwọ́ kan ló kù tó máa fi kéwì nìyẹn o. Ẹ wọ ohun tó lè mí nínú ẹ̀ fún un, àti bàtà tí kì í dún kò-kò-kò.

Yàrá ọ̀hún, ẹ ò lè wọlé. Òun àti olùdánwò nìkan ni. Tíṣà pàápàá ò wọlé, kò sẹ́ni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà tó máa fi ètè yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un. Àwọn tó ń ṣe Musical Theatre ló lè mú ẹni tó ń tẹ pianó fún wọn dání, tiwọn yàtọ̀.

Kọ́pì tí wọ́n ń béèrè, ti èyí tí tíṣà fúnra ẹ̀ mú ni. Tinú ìwé tiwọn, olùdánwò ní i. Èyí tẹ́ ẹ mú wá látìta, kò rí i rí, báwo ló ṣe máa mọ̀ bọ́mọ bá fo ìlà méjì? Kó jẹ́ kọ́pì tó mọ́, tó ṣeé kà, kí àkọlé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lórí ẹ̀. Fẹ́ràn náà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara ẹ̀ dárúkọ méjèèjì kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa há ìyẹn pọ̀ mọ́ ewì bíi pé ìlà àkọ́kọ́ ni. Àìmọye ọmọ ló máa ń já lu ewì tààrà.

Tó bá gbàgbé, kò tíì fẹ́èlì. Nínú 100 ni wọ́n ń gba máàkì, 50 ni Pass, 65 ni Merit, 80 ni Distinction. Mo ti rí ọmọ tó gbàgbé odindi ìlà kan, tó dákẹ́, tó mí, tó gbé e níbi tó já sí, tó sì gba Distinction. Èyí tó bá ń sọ sorry, sorry, tó ń wojú ẹnu ọ̀nà, ìyẹn lọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyá Fẹ́ràn, èyí tẹ́ ẹ ní kì í ṣe ìbéèrè yín yẹn, òun gan-an ni ìbéèrè. Lẹ́yìn ewì àti ìtàn, olùdánwò máa bá a jókòó sọ̀rọ̀. Knowledge ni wọ́n ń pe apá yẹn, ó ní máàkì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ báyìí túmọ̀ sí, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yẹn, kí lo fẹ́ràn nínú ewì yìí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ti máa ń já sílẹ̀, àní àwọn tó kéwì bí ẹyẹ.

BàbáKọ́lá:
Ẹ kú àlàyé mà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ń fi Grade 1 ṣòfò àkókò? Tèmi Grade 5 ló ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ti ka òfin wọn, kò síbi tí wọ́n ti ní kéèyàn ṣe 1 kó tó ṣe 2. Ẹ fò ó jàre, points yunifásítì ni ká máa sáré bá.

Àǹtí_Dúpẹ́:
Òótọ́ lẹ sọ sà, kò sí òfin tó ní kéèyàn tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ points yunifásítì tẹ́ ẹ ń sọ, ti UCAS, àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì níbí, láti Grade 6 lọ sókè ló ti bẹ̀rẹ̀: 6 ni wọ́n ń pè ní Bronze, 7 Silver, 8 Gold, Level 3 làwọn mẹ́ta yẹn lábẹ́ Ofqual, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánwò ní England. 1 sí 3 Level 1 ni, 4 àti 5 Level 2. Nítorí náà Grade 5 tí Kọ́lá ń ṣe ò ní point kankan nínú. Àwọn yunifásítì kan ò tiẹ̀ wo points, A-level mẹ́ta tí wọ́n bá dárúkọ ni wọ́n ń wò. Ẹ má torí point rán ọmọ.

Mo sì fẹ́ bi yín léèrè o, èsì Kọ́lá ńkọ́?

BàbáKọ́lá:
Ó pàṣì.

Àǹtí_Dúpẹ́:
Èló ló gbà?

BàbáKọ́lá:
Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá Fẹ́ràn mà 😂

Tọ́pẹ́_n_Ṣeré:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà o. Mo ṣe Gold lọ́dún tó kọjá, mo ti lé lọ́mọ ọdún méjìdínlógún báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nínú Knowledge yẹn nígbà tí mo ṣe Grade 5.

Ewì Wọlé Ṣóyínká kan ni mo mú, èyí tó dá lórí ọkùnrin dúdú tó ń wá yàrá tó fẹ́ háyà, tó wá ń bá obìnrin onílé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo há a dáadáa. Mo fi yunifọ́ọ̀mù wọlé, olùdánwò jẹ́ ìyá àgbà òyìnbó kan, okùn gíláàsì rọ̀ sí i lọ́rùn, ó ní kí n sinmi díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ké e, kò sí ìlà tó bọ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó wá ní kí n jókòó. Ó ní ṣé inú ń bí ọkùnrin yìí ni àbí ó ń fi obìnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́?

Èmi mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí mo ti ń há ewì yẹn ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, yẹ̀yẹ́ ni bàbá yẹn ń fi obìnrin yẹn ṣe, ó ń fi èdè ńlá-ńlá bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà yẹn ṣe tẹjú mọ́ mi báyìí, èmi wo ilẹ̀, mo ní "Yes, ma." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní èwo ni yes nínú méjèèjì? Mo tún ní "Yes, ma." 😭 Ó bi mí níbi mẹ́ta, ilẹ̀ ni mò ń wò, mo mọ gbogbo àmì tó wà lára kápẹ́ẹ̀tì yàrá yẹn dòní. 71 ni mo gbà. Ìwé tí wọ́n kọ wá sílé ní ewì mi lágbára gan-an, àmọ́ mi ò fi hàn pé mo lóye ohun tí mò ń sọ.

Mọ́mì mi ka ìwé yẹn, wọ́n ní "kí ló dé tó ò dá wọn lóhùn?" Mo ní mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kéèyàn má máa ranjú mọ́ àgbàlagbà.

MámàFẹ́ràn:
Hà. Ọ̀rọ̀ ilé wa gan-an lò ń sọ yẹn Tọ́pẹ́. Èmi ni mo máa ń sọ fún un pé "tí mo bá ń sọ̀rọ̀, gbé ojú ẹ sílẹ̀".

Mọ́kọ́lá_Boy:
Ìbàdàn ni mo wà, ẹ máa bínú sí mi. Ṣé ẹ̀ ń sanwó kí òyìnbó máa gba máàkì fọ́mọ yín lórí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni? Ìran tó ní ìjálá, tó ní ẹkún ìyàwó, tí ọmọ ọdún márùn-ún ń ki oríkì bàbá ẹ̀ láì dá dúró. Kí wọ́n wá sọ pé ẹnu ọmọ mi ò dáa torí pé ó pe egg ní "hegg" kó sì pe house ní "ouse"? Kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi.

Àǹtí_Dúpẹ́:
Mọ́kọ́lá, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀ kùtù. Ẹ gbọ́, kò sí òfin tó ní kọ́mọ sọ̀rọ̀ bíi ti ilé ọba England. Ọmọ Scotland ń fi ohùn Scotland ṣe é, tiwa náà lè fi ohùn tiwa ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọ̀rọ̀ yé ẹni tó jókòó lódìkejì yàrá.

Ibi tó wà gan-an ni pé ní Yorùbá, fáwẹ́lì ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wa, tàbí fáwẹ́lì aránmúpè. Ìdí nìyẹn tọ́mọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá fún nílé fi máa ń gbé t àti d tó wà níparí ọ̀rọ̀ òyìnbó mì, tàbí kó fi i kún un lẹ́yìn, "night" á di "nai" tàbí "naiti". Mo máa ń ní kí wọ́n di ọwọ́ síwájú ẹnu kí wọ́n sọ "cat", tí t yẹn bá jáde dáadáa afẹ́fẹ́ ẹ̀ máa kan àtẹ́lẹwọ́ wọn. Èkejì, gbogbo sílébù la máa ń fún lágbára dọ́gbadọ́gba, òyìnbó máa ń tẹ ọ̀kan kó sì fo èkejì. Ìyẹn gba ìgbà díẹ̀. Àmọ́ etí tó ti ń gbọ́ ìgbá, igba àti igbá látìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kó gbé ohùn sókè sódò nínú ewì, kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ òyìnbó tí mo kọ́ máa ń ké e gbọọrọ bíi ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa ki oríkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kì í. Èyí ò dí tìyẹn lọ́wọ́.

BàbáKọ́lá:
Àti pé Mọ́kọ́lá, David Oyelowo ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Oxford, LAMDA ló ti kọ́ṣẹ́, ó jáde ní 1998, nígbà tó fi máa di 2001 òun ni Royal Shakespeare Company, ẹgbẹ́ òṣèré ńlá yẹn, fi ṣe Ọba Henry VI nínú eré. Ọ̀nà tí Kọ́lá ń tọ̀ nìyẹn.

Tọ́pẹ́_n_Ṣeré:
Bàbá Kọ́lá ẹ má bínú sà, ọ̀nà yẹn kọ́. Iléèwé LAMDA tó wà ní Hammersmith, tí Oyelowo lọ, ọ̀tọ̀ ni, ọ̀dọ̀ wọn gan-an lèèyàn á ti lọ ṣeré níwájú wọn kí wọ́n tó mú un. Ìdánwò yìí, gbogbo ọmọ ló lè ṣe é níbi tó bá wà. Orúkọ kan náà ni. Mo ní Gold lọ́wọ́, wọ́n sì ti lé mi padà lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀ 😅 mo tún ń lọ lọ́dún yìí.

Ìyá_Ìbejì_Dagenham:
Ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Ẹ WO ORÚKỌ. Tíṣà ló máa ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, bó bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa wà lórí sátífíkéètì. Ti Táíwò mi jáde ní "Taiwan". Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún. Ó gbà wá lóṣù méjì ká tó rí i tún ṣe. Kí wọ́n tó pa fọ́ọ̀mù dé ni kẹ́ ẹ ti ní kí tíṣà fi ohun tó tẹ̀ hàn yín, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Àti ọ̀rọ̀ kọ́pì tí àǹtí sọ yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Kẹ́hìndé fi tiẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkan níbi tí wọ́n ti ṣe é tó bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde, à bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ ewì sórí páálí bísíkíìtì.

Akólòlò_Ò_Ṣèṣe:
Ẹ kú ìjókòó. Ọmọkùnrin mi ń kólòlò. Tíṣà ẹ̀ ní kó má ṣe é, wọ́n ní àkókò tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré, tọ́mọ bá kọjá ẹ̀ olùdánwò lè dá a dúró. Ṣé òótọ́ ni?

Àǹtí_Dúpẹ́:
Bàbá, pé wọ́n lè dá ewì tó gùn jù dúró, òótọ́ ni. Àmọ́ kí ọmọ yín má ṣe é, irọ́ ńlá. Ẹ ní kí tíṣà bá a béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní reasonable adjustment, KÍ ọjọ́ ìdánwò tó dé o, pẹ̀lú ìwé dókítà tàbí ti ẹni tó ń tọ́jú ohùn ẹ̀. Wọ́n lè fi àkókò kún un. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́ tẹ́ ẹ wá ń ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kò sóhun tí olùdánwò lè fi ṣe. Tíṣà yẹn bá kọ̀, ẹ pa tíṣà dà. Àwọn ọmọ tó ń kólòlò tí mo kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kólòlò nínú ewì rárá, ẹ máa gbọ́ ọ, ẹnu á yà yín.

MámàFẹ́ràn:
Ẹ ṣé gan-an. Lánàá mo gbìyànjú ohun tẹ́ ẹ sọ. Lẹ́yìn tá a jẹ ìrẹsì tán, mo ní kó jókòó, mo ṣe bí olùdánwò, mo tiẹ̀ wọ gíláàsì. Ewì tí tíṣà mú fún un dá lórí ológbò kan tó ń jókòó lójú fèrèsé lálẹ́. Mo ní "Fẹ́ràn, kí lo fẹ́ràn nínú ewì yìí?" Ó dákẹ́. Mo tún un bi. Ó ní "it's nice." Mo ní kí ló nice nínú ẹ̀? Ó wò mí, ó ní "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní bínú?" Mo ní mi ò ní bínú. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ fún Grandma lórí fóònù pé ológbò ò dáa, pé àjẹ́ ló ń sìn ín, àmọ́ òun rò pé ológbò inú ewì yìí kàn ń ronú tiẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ ohun tó ń rò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tí mo lè fọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tọ́ ọmọ yìí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Àǹtí_Dúpẹ́:
Èyí tó sọ yẹn, kó lọ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ yẹn. Ẹ má bá a tún un ṣe o! Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ kó wá há a. Wọ́n máa ń mọ ìdáhùn àhásórí, wọ́n á fi ìbéèrè míì yí i po, ọmọ á wá dà bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ kú.

Mọ́kọ́lá_Boy:
Ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ yẹn sílẹ̀ ṣá o 😂😂

Tọ́pẹ́_n_Ṣeré:
Rárá, kó sọ ọ́! Olùdánwò ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ ojú wíwò yẹn mà, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé tíṣà mi tuntun ní kí n máa wo àárín ìpéǹpéjú méjèèjì, kì í ṣe ojú gan-an. Ẹni tó jókòó síwájú ẹ ò ní mọ̀. Mo fi ṣe Grade 6, 7, 8.

MámàFẹ́ràn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ o, àárọ̀ Sátidé. Àá tó nǹkan bí ogún ọmọ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà òru. Ṣòkòtò àti bùbá ló wọ̀, mo yọ ìró kúrò. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀, obìnrin yẹn ní "O-lu-wa..." ó dúró, Fẹ́ràn bá a parí ẹ̀, ó sì tún un pè fún un lẹ́ẹ̀kejì kó lè mọ̀ ọ́n, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ o. Ó wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn.

Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìta, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín, àyà mi já, ó tún bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tẹ́nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn, ohùn àgbàlagbà.

Ó jáde, mo ní báwo? Ó ní ó dáa. Mo ní kí ni wọ́n bi ẹ́? Ó ní wọ́n bi òun nípa ológbò, òun sì dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà òun bi wọ́n pé àwọn náà ńkọ́, ṣé wọ́n ní ológbò. Mo ní o bi olùdánwò ní ìbéèrè?! Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní méjì.

Nínú bọ́ọ̀sì 36 padà sílé ló ti ń ṣàlàyé fún mi pé ìtàn tí òun sọ yẹn, tíṣà ò gbọ́ ọ yé, pé ọmọ inú ẹ̀ kò jalè, ó yá a ni. Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní mọ́mì, èmi náà ní èrò tèmi. Gbogbo bọ́ọ̀sì ń wò wá.

Èsì ò tíì dé, wọ́n ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

BàbáKọ́lá:
Ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Dúpẹ́, ṣé ẹ ṣì ń kọ́ ọmọ? Kọ́lá gba 52.